Ọ̀fẹ́ ni àbí gbèsè? Bí a ṣe ń ka iṣẹ́, owó àti oore láàárín ara wa

Ẹni tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ìyá aláta fa igba náírà lọ́jọ́ Ẹtì lè ra aṣọ ẹbí 60,000 náírà lọ́jọ́ Sátidé láì ná an rárá. Mẹ́káníìkì tí kì í tú nọ́ọ̀tì kan láìkọ́kọ́ gbọ́ iye tí wọ́n máa san lè ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa fún odidi ọjọ́ kan, kó lọ bá ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kó ẹrù lọ sílé tuntun. Bí wọ́n bá na owó sí i, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ má bú mi, ọ̀gá." Ẹni tó ń wò wọ́n láti òkèèrè á ní wọn ò mọ owó ná, tàbí pé ojú ayé ni wọ́n ń ṣe. Àwa fúnra wa náà ń sọ bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí owó oṣù bá ti tán kí oṣù tó dé ìdajì.

Anthropology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ọmọ ènìyàn ṣe ń bá ara wọn gbé, rí ọ̀rọ̀ náà lọ́nà mìíràn. Ìbéèrè tí a máa ń bi ara wa nídìí iṣẹ́ yìí kò ju méjì lọ: ta ló ń ka ohun tí wọ́n fún ara wọn, ìgbà wo ló sì yẹ kó padà? Owó ata gbọ́dọ̀ parí lójú ẹsẹ̀. O san owó, màmá gbé ọjà fún ọ, ẹ túká. Owó aṣọ ẹbí kò gbọdọ̀ parí. Bó bá parí, ẹbí náà ti tán nìyẹn. Wàhálà tó ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, ọ̀gá sí òṣìṣẹ́, àna sí àna, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ọ̀nà méjì péré ló wà lọ́kàn wa, ká rà á tàbí ká gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì pọ̀ jaburata, a sì ń rìn ín lójoojúmọ́ láìsọ fún ara wa èyí tí a wà lórí rẹ̀.

Àwọn ará erékùṣù Trobriand, ní Papua New Guinea, ló la ojú ọ̀pọ̀ onímọ̀ sí i. Bronisław Malinowski, ọmọ ilẹ̀ Poland tó kẹ́kọ̀ọ́ ní London, pàgọ́ sáàárín wọn láàárín 1915 sí 1918. Kó tó dìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé nípa ẹ̀yà mìíràn máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìjọba, wọ́n á ránṣẹ́ pe bàbá àgbà kan, wọ́n á máa bi í ní ìbéèrè. Malinowski kọ́ èdè àwọn èèyàn náà, ó jókòó tì wọ́n, ó ń wo ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè. (Ìdí rèé tí iṣẹ́ wa fi ń jọ ti ọ̀lẹ lójú àwọn ìyá wa. "Wíwò yẹn náà ni wọ́n ń sanwó fún?")

Ohun tó rí ni pé àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń wa ọkọ̀ gba orí òkun tó léwu kí wọ́n lè lọ fún ọ̀rẹ́ wọn ní erékùṣù mìíràn ní ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n fi ìkarahun pupa ṣe. Ẹ̀gbà ọwọ́ funfun ni wọ́n ń gbà padà. Ẹ̀gbà ọrùn ń yí àwọn erékùṣù náà ká bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ẹ̀gbà ọwọ́ ń yí i ká ní òdìkejì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá a dúró sọ́dọ̀ ara rẹ̀ pẹ́ jù. Kula ni wọ́n ń pè é. Nínú kula, o kò gbọdọ̀ ná an, o kò sì gbọdọ̀ fi dandan bèèrè tìrẹ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kó ọjà tí wọ́n ń lò gan-an sínú ọkọ̀ kan náà, èyí ni wọ́n sì ń ná bí ẹni ń ná àgbò ọdún. Gimwali lorúkọ tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ kula rẹ kọ́ lo máa bá ṣe gimwali, ẹlòmíràn lo máa wá. Bí wọ́n bá fẹ́ tàbùkù ẹni tí ojú ń kán nídìí kula, wọ́n á ní ó ń ṣe é bí ẹni ń ṣe gimwali. Ìyá Ìbàdàn tó gbọ́ pé ẹnì kan ń ná owó aṣọ ẹbí á lóye ọ̀rọ̀ yẹn kíákíá.

Tiwa nílé tún ní ìpele tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. N. A. Fadipe, ọmọ Yorùbá tó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí àwùjọ wa ní Yunifásítì London ní 1939, ti sọ̀rọ̀ nípa àáró àti ọ̀wẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro ń pe méjèèjì ní nǹkan kan náà, wọ́n á ní "kí á ran ara wa lọ́wọ́" ni. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà rárá.

Àáró jẹ́ ti ẹgbẹ́ kékeré, ẹni mẹ́rin, ẹni mẹ́fà, tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lónìí, gbogbo wọn á kọ ebè lóko ẹnì kan. Lọ́túnla, wọ́n á bọ́ sóko ẹlòmíràn, títí á fi kárí. Ọjọ́ iṣẹ́ kan ni wọ́n fi ń san ọjọ́ iṣẹ́ kan. Bí ara rẹ kò bá yá lọ́jọ́ tó yẹ kí o lọ, àbúrò rẹ lo máa rán, tàbí kí o wá ọjọ́ mìíràn san án. Ọpẹ́ kò pọn dandan. Ta ní ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó san gbèsè? Ẹni tó bá ń fi ọ̀lẹ kọ ebè lóko oníkálukú, tó wá ń retí ebè gbàǹgbà-gbangba lóko tirẹ̀, wọn ò ní bá a jà. Wọn ò kàn ní pè é mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ ilé, tó fẹ́ bo òrùlé, tàbí tí igbó tó fẹ́ ṣán ju agbára rẹ̀ lọ á ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ará àdúgbò. Wọ́n á wá ní ogún, ní ọgbọ̀n. Iyán, ẹran àti ẹmu di ọ̀ranyàn fún ẹni tó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀, ọpẹ́ náà sì di ọ̀ranyàn. Kò sẹ́ni tó ń sàmì sílẹ̀ pé lágbájá ṣán igbó dé ìdí igi báyìí. Síbẹ̀, gbogbo ojú ló ń ṣọ́ ẹni tí kò wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ ẹni máa ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna rẹ̀, bàbá ọmọ á sì jókòó síbi tó ti lè rí wọn dáadáa. Ebè kọ́ ló ń kà níbẹ̀, orí èèyàn ló ń kà. Ọkọ tó lè pe ẹni ogún, tí wọ́n sì dé kí oòrùn tó mú, bàbá ti mọ̀ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ òun lálẹ́ ọjọ́ kan, ìró ẹsẹ̀ á pọ̀ lójú ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ ìjà ọ̀rẹ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé owó ló fà á, ibí yìí ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan ń ṣe àáró, ẹnì kejì ń ṣe ọ̀wẹ̀. O lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ kó ẹrù láti Ṣómólú lọ sí Ìkòròdú. Ìwọ lo gbé fìríìjì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀yìn ń dùn ọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ó fún yín ní jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ọ̀tì tútù, ó dúpẹ́ títí, ó tún gbé fọ́tò yín sórí WhatsApp pé àwọn èèyàn òun nìwọ̀nyí. Lójú tirẹ̀, ó ti ṣe gbogbo ohun tí ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ń ṣe. Ọdún yí po, ìwọ náà ń kó ẹrù, o pè é, ó ní òun wà níbi iṣẹ́. Lójú tìrẹ, ó jẹ ọ́ ní ọjọ́ kan gbáko. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ò jọ sọ irú èyí tó jẹ́ ni, nítorí pé sísọ ọ́ gan-an ní ìtìjú nínú: ta ló fẹ́ dá fìríìjì dúró láàárín àtẹ̀gùn, kó máa bèèrè pé ṣé wọ́n máa san án padà?

Bí a bá gbé àáró kúrò lóko, tí a gbé e sínú owó, èésú ló máa dà. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó gbé n'Ífẹ̀ láàárín 1937 sí 1938, kọ àlàyé kan nípa rẹ̀ ní 1952 tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí. Ẹni mẹ́wàá ń dá 20,000 lóṣù, ẹnì kan ń kó 200,000. Nígbà tí oṣù mẹ́wàá bá pé, iye tí olúkúlùkù dá náà ló kó, kò lé, kò dín. Kí wá ni èrè ibẹ̀? Àkókò ni. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ti yá owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́sàn-án láìsan èlé. Ẹni tó kó gbẹ̀yìn ti fi owó pamọ́ síbi tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò ti lè tó o. Wọ́n ń pe eléyìí náà ní àjọ báyìí, òun ló fi ń dàrú mọ́ ti alájọ tó ń gba owó kiri ọjà lójoojúmọ́, tó ń sàmì sí káàdì, tó sì ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ alájọ, owó ara rẹ lo ń gbà padà. O kò jẹ oníbàárà rẹ̀ yòókù ní nǹkan kan, o lè má tilẹ̀ mọ̀ wọ́n. Nínú èésú, bí o bá kó tìrẹ tán tí o sá lọ, àwọn tó mọ ilé ìyá rẹ lo sá fún. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e sọdá òkun. Susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí dòní, asue ni ní Bahamas.

Ẹ wá wo apá kejì, apá tí wọn kì í kà. Ẹran Iléyá ni kí a fi wò ó. Ilé Mùsùlùmí á bu ẹran àgbò ránṣẹ́ sí ilé Kírísítẹ́nì tó kọjú sí i. Nígbà tó bá di Kérésìmesì, ìrẹsì àti adìẹ á gba ojú ọ̀nà kan náà padà. Kò sẹ́ni tó gbé òṣùwọ̀n jáde. Ọmọ tí wọ́n fi abọ́ rán mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ sọ pé, "Mọ́mì ní ti èyí tí ẹ fún wa lọ́jọ́sí ni," bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Marcel Mauss, onímọ̀ ọmọ Faransé, kọ ọ́ ní 1925 pé ohun mẹ́ta ló pọn dandan nínú ẹ̀bùn: kí a fúnni, kí a gbà á, kí a sì dá a padà. Ẹni tó kọ ẹran Iléyá padà láìsí ìdí ti dá ogun sílẹ̀ ládùúgbò. Pierre Bourdieu, ọmọ Faransé mìíràn tó ṣiṣẹ́ láàárín ẹ̀yà Kabyle ní Àlùjíríà, wá fi kún un pé àkókò ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ró. Bí wọ́n bá gbé ẹran fún ọ láàárọ̀, tí o sì gbé irú ẹran kan náà, ìwọ̀n kan náà, padà lọ́sàn-án, oore kọ́ lo ṣe, o sọ fún wọn pé o kò fẹ́ jẹ wọ́n ní nǹkan kan. Oṣù òṣùpá ń jẹ́ kí Iléyá fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì ní ìgbà tó ń kan Kérésìmesì. Lọ́dún 2007, ọjọ́ péréte ló wà láàárín àwọn méjèèjì, abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé abọ́ lójú ọ̀nà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di pàṣípààrọ̀, èèyàn sì lè rí i lójú àwọn màmá pé kò dùn mọ́ wọn tó tàtẹ̀yìnwá.

Aṣọ ẹbí rọ̀ mọ́ àárín, wọ́n ń kà á, wọn ò sì gbà pé àwọn ń kà á. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó ra áńkárá náà ní iye kan, ó lé nǹkan sí i, ohun tó lé sí i ló fi ń kún owó oúnjẹ. Gbogbo ẹni tó rà á ló mọ̀. Níbi ayẹyẹ, wọ́n á fún un ní abọ́ ike tàbí tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ orúkọ olóògbé sí lára. Ìyá àgbà kan á sì wà nínú yàrá pẹ̀lú ìwé olójú ewé ọgọ́ta, ọmọ kan jókòó tì í tó ń bá a kọ ọ́: Ìyá Ìbejì, 10,000, àwọn ará ilé Alágbẹ̀dẹ, ẹmu kẹ́ẹ̀gì méjì. Wọ́n á fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Lọ́jọ́ tí Ìyá Ìbejì bá fẹ́ gbé ọmọ tirẹ̀ níyàwó, wọ́n á yọ ìwé jáde, wọ́n á wo ohun tó fún wọn, wọ́n á sì fún un ní ohun tó jù ú lọ díẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní 10,000 géérégé, á ní wọ́n sanwó òun fún òun. Díẹ̀ tí wọ́n lé sí i yẹn ni kò jẹ́ kí ó tán. Ẹni tó ń pe gbogbo èyí ní ìnáwó àpà kò jẹ̀bi tán lójú tèmi, nítorí àwọn kan ń jẹ gbèsè gidi kí wọ́n lè jẹ irú gbèsè yìí. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ fún Ìyá Ìbejì pé kó fi owó náà sí báńkì, ó máa bi ọ́ léèrè bóyá báńkì máa wá síbi òkú òun.

Ọjà fúnra rẹ̀, tí a ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń parí lójú ẹsẹ̀, kì í fẹ́ parí tán. Ẹ dúró ti ìsọ̀ ata kan ní Bódìjà n'Ìbàdàn. Oníbàárà bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ tòmátò.

"Èló lẹ̀ ń ta èyí, mà?"

"2,500 ni, ọmọ mi."

"Háà! Ẹ gba 1,500."

"Kò gbà. Èmi gan-an ò rí i rà bẹ́ẹ̀. Mú 2,200 wá."

"1,800, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀dọ̀ yín náà ni mo ti ń rà á."

Màmá dákẹ́, ó ń tún òkìtì rodo tò, ó ṣe bí ẹni gbàgbé pé èèyàn dúró. Oníbàárà gbẹ́sẹ̀ kan bí ẹni ń lọ. "Ó dáa, mú 2,000 wá, torí tìẹ ni." Wọ́n dà á sí ọ̀rá. Oníbàárà kò tíì nawọ́ gbà á. "Èènì ńkọ́, mà?" Màmá rẹ́rìn-ín, ó sọ tòmátò méjì sí i, ó bu rodo díẹ̀ lé e.

Bí a bá fi owó wọn èènì yẹn, ó lè tó igba náírà tí wọ́n fi ń fa ara wọn láti 1,800 dé 2,000. Kí ló dé tí màmá kò kúkú gbà á ní 1,800? Nítorí pé ohun tí oníbàárà bá jà gbà ti di tirẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ọpẹ́. Èènì ni màmá fún un. O lè bẹ̀ ẹ́, o lè ní ó kéré, ṣùgbọ́n o kò lè dá iye lé e. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, oníbàárà náà á gba iwájú ìsọ̀ mẹ́ta mìíràn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ màmá yìí, bí ó bá sì wá láìsí owó lọ́wọ́, á lè kó ọjà láwìn. Súpámákẹ́ẹ̀tì kì í fi èènì sí i. Kò sì sẹ́ni tí inú rẹ̀ máa bàjẹ́ níbẹ̀ bí o kò bá padà wá láé.

Ibi iṣẹ́ olówó oṣù ńkọ́? Ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo nǹkan ti wà nínú ìwé: wákàtí báyìí, owó báyìí. Láàárín 1931 sí 1932, wọ́n fi ọkùnrin mẹ́rìnlá sínú yàrá kan ní ilé iṣẹ́ Hawthorne ti Western Electric nítòsí Chicago, níbi tí wọ́n ti ń so wáyà mọ́ ẹ̀rọ tẹlifóònù, olùwòye kan sì jókòó sí kọ̀rọ̀ kan. W. Lloyd Warner, anthropologist tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn Murngin ní àríwá Ọsirélíà dé, ló gba àwọn olùwádìí nímọ̀ràn pé kí wọ́n wo yàrá náà bí òun ṣe ń wo abúlé. Bí iṣẹ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ náà ṣe bá ṣe pọ̀ tó ni owó wọn ṣe máa pọ̀ tó. Àwọn ọ̀gá rò pé olúkúlùkù á máa ti ẹnì kejì kó yára. Àwọn òṣìṣẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan tiwọn: ẹ̀rọ méjì lóòjọ́ tó. Ẹni tó bá ń sáré kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á lù ú ní ẹ̀ṣẹ́ lápá. Ẹni tó bá ń fà sẹ́yìn jù, wọ́n á bú u pé ó ń jẹ lára àwọn. Ẹni tó bá lọ tú àṣírí fún ọ̀gá kò ní ọ̀rẹ́ mọ́. Ìgbà tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú ní Amẹ́ríkà ni. Wọ́n gbà pé bí àwọn bá yára jù, àwọn ọ̀gá á dín owó tí wọ́n ń san lórí iṣẹ́ kù tàbí kí wọ́n lé àwọn kan lọ. Ọ̀gá ń ka wáyà. Àwọn ọkùnrin náà ń ka ohun tí wọ́n jẹ ara wọn.

Irú rẹ̀ wà níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń pín sífíìtì. Ọmọ Nàìjíríà tó ń tọ́jú arúgbó ní ìlú Ọba á bẹ ẹnì kejì pé, "Jọ̀ọ́, bá mi ṣe ti alẹ́ Sọ́ńdè." Lórí ìwé, ọ̀gá rí i pé orúkọ kan kúrò, òmíràn wọlé, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé àáró ni: alẹ́ Sọ́ńdè la fi ń san alẹ́ Sọ́ńdè, a kì í fi ọ̀sán Ọjọ́rú san án. Ọ̀gá tuntun tó bá dé, tó ní kò sáyè pàṣípààrọ̀ mọ́, á máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí àìsàn òjijì pọ̀ tó báyìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ òun.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ti ọ̀gá tó ń sọ pé "ẹbí ni gbogbo wa níbí." Nígbà tó bá fẹ́ kí ẹ dúró di aago mẹ́sàn-án alẹ́ láìsanwó, ọ̀wẹ̀ ni. Nígbà tí o bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, owó oṣù ni, wọ́n á gé e. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ní láti gún iyán, kó sì yọjú sí òkú ìyá ẹni tó bá a ṣe é. Ọ̀gá yìí fẹ́ kórè oko méjì lórí ebè kan. Àwọn àgbà wa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà nítorí owó tó yá, iṣẹ́ ọmọ náà, èlé ló jẹ́. Bó ṣe wù kó ṣe é pẹ́ tó, kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè náà. Wọ́n á sì tún máa sọ pé ọmọ inú ilé ni.

Ti ọmọ iṣẹ́ ṣòro díẹ̀ láti dá lẹ́jọ́. Ọmọ tó ń kọ́ télọ̀ á gbálẹ̀, á pọn omi, á lọ ra ẹ̀bà fún ọ̀gá, á tún gbé ọmọ ọ̀gá lọ síléèwé. Ará ìta á ní wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹrú. Ṣùgbọ́n owó tí òbí san kò kájú ohun tó wá kọ́, ọ̀gá náà sì kì í kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀ níwọ̀n owó. Ìgbà tí ọmọ ń jókòó ti ọ̀gá láìsí ẹni tó ń kọ́ ọ ló ń rí bó ṣe ń bá oníbàárà tó ń bínú sọ̀rọ̀, bó ṣe ń gé aṣọ tí kò fẹ́ẹ́ tó. Lọ́jọ́ fíríídọ̀mù, ọ̀gá á gbàdúrà, á gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, àwọn èèyàn á sì jẹun. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n bá ń sún fíríídọ̀mù síwájú lọ́dọọdún nítorí pé ọ̀gá kò fẹ́ pàdánù ẹni tó ń bá a rán aṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹ̀kọ́.

Àwọn kan wà tí wọ́n bẹ̀rù oore ju gbèsè lọ. Richard Lee, ará Kánádà tó gbé láàárín àwọn !Kung, ẹ̀yà ọlọ́dẹ kan ní Botswana, láwọn ọdún 1960, ra màlúù ńlá kan fún wọn fún Kérésìmesì. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń kẹ́gàn rẹ̀ pé egungun lásán ni, pé ebi máa pa wọ́n lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n pa á, ọ̀rá ń dà nínú rẹ̀, wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ṣàlàyé fún un: ọ̀dọ́ tó bá ń pa ẹran ńlá wálé máa ń rò pé òun ti di olóyè, àwọn yòókù sì ti di ìránṣẹ́ òun, nítorí náà, àwọn máa ń sọ pé ẹran rẹ̀ kò wúlò, kí ọkàn rẹ̀ lè tutù. Onílù tiwa kò ní gbà. Ẹni tó náwó níbí fẹ́ gbọ́ oríkì ìran mẹ́ta.

Nígbà tí gbèsè bá wá di èyí tí wọ́n ń kà ńkọ́? Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú gba orúkọ òṣómàálò nítorí bí wọ́n ṣe ń gbowó: wọ́n á lóṣòó síwájú ilé onígbèsè, wọ́n á ní ìlóṣòó làwọn máa wà títí tówó fi máa jáde. Ṣáájú wọn ni àwọn tí wọ́n ń rán láti lọ dógò ti onígbèsè. Ológò á kó wọ inú agbo ilé, á máa bú gbogbo èèyàn, á máa mú adìẹ pa jẹ, bí adìẹ onígbèsè ni, bí ti arákùnrin rẹ̀ ni. Ìtìjú náà kárí ilé, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi máa ń tu owó jọ.

Àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù gbé irú rẹ̀ padà wá. Bí o kò bá san án, wọ́n á wọ inú nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ, wọ́n á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, sí àna rẹ, sí ẹni tó ń ṣe irun rẹ, pé olè ni ọ́. Ní 2022, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan lára wọn ní Èkó nítorí ìwà yìí. Ológò dójú ti àwọn tó lè tu owó jọ, ẹbí onígbèsè náà ló dúró níwájú rẹ̀, àgbà kan sì lè jáde sí i kó bẹ̀ ẹ́ títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Áàpù ń ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe irun rẹ, tí ohun tó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì kò ju awìn irun ẹ̀ẹ̀kan àti èènì ìpara lọ. Onírun náà kò mọ iye tí o yá, kò sì ní ibi tó lè lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó lè ṣe kò ju pé nígbà mìíràn tí o bá jókòó sórí àga rẹ̀, á kọ́kọ́ gba owó rẹ kó tó mú kóòmù.